Ìbàdàndùn: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò Mi sí Ilé Ìyá Aláró

Ọjọ́bọ̀

Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta láàárọ̀ yìí, nítorí mo fẹ́ ríbi gbé ìwé lé itan kí n máa yàwòrán lọ. Ojú irin tuntun yìí, tí wọ́n ṣí fún èrò ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, gùn ní kìlómítà 157, Mọ́níyà ló sì parí sí ní Ìbàdàn. Màmá kan tó jókòó kọjú sí mi bi mí bóyá olùkọ́ ni mí. Mo ní rárá o, mò ń yàwòrán sínú ìwé àwọn ọmọdé ni. Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní ìyá bàbá mi ni.

Ìyá Aláró ni gbogbo Kúdẹtì mọ̀ wọ́n sí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí lára kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Mo lọ sí ilé-ìwé tó fún mi níwèé-ẹ̀rí lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé Ìyá Aláró ni mo ti mọ ohun tí ìlà jẹ́. Mo fẹ́ ṣe ìwé aláwòrán kan nípa wọn báyìí. Mi ò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ kọ ọ́ kí n tó fojú kan ohun tó kù.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Abẹ́òkúta, mo rántí bí Ìyá Aláró ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ìlú náà. Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn jọ ń ṣe ẹlẹ́kọ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò papọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá, àwọn ọkùnrin a máa gé páànù pẹlẹbẹ sí àwòrán, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ ra ojú rẹ̀, àwòrán á sì dúró sí aṣọ. Bí wọ́n bá ṣe é nígbà ọgọ́rùn-ún, bákan náà ni yóò rí. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n ń lò, ọwọ́ obìnrin sì ni. Ìyá Aláró kì í bú páànù. Wọ́n fẹ́ràn aṣọ Abẹ́òkúta, wọ́n ní i lápótí. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Páànù kì í gbàgbé. Ẹni tí kì í gbàgbé kò ní ohun tó ń rántí."

Mo ti lo ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá wọn da ewé kan náà kọ síbi gbogbo lójú ìwé. Mo máa ń ní kí wọ́n ya gbogbo ewé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Láti Mọ́níyà, máíkírà ni. Ọ̀jọ́ọ̀, Sángo, Mọ́kọ́lá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àwọn ẹlẹ́gúsí ń ká ọjà wọn. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé ilé. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ti ní kí wọ́n ro àmàlà sílẹ̀ dè mí, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú. Mo jẹun, mo sùn.

Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ̀yìnkùlé ti dínkù. Wọ́n ti kọ́ yàrá àyágbé sórí ìdajì rẹ̀. Mi ò bínú sí i, owó yẹn ni wọ́n fi ń tún òrùlé ilé ńlá ṣe. Nínú gbogbo ìkòkò aró tó wà níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, méjì ló ṣẹ́kù. Ọ̀kan dojú dé lábẹ́ igi furúùtù. Èkejì ti là lẹ́nu, ìyàwó ilé kan sì ti bu ilẹ̀ kún inú rẹ̀, ó gbin ẹfinrín sí i. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ èyí tó dojú dé, mo fọwọ́ pa á nínú. Aró ti mu wọnú amọ̀ náà, kò sì ní jáde mọ́ láéláé.

Mo gbé àga síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń se ẹ̀kọ. Wọ́n á kù láfún títí á fi kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á rò ó lórí iná, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i. Bó bá ki jù, kò ní ṣàn lẹ́nu ìyẹ́. Bó bá ṣàn jù, ìlà á fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹyẹ á di ọ̀bọ. Wọn kì í fi agolo wọn ohunkóhun. Wọ́n á ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n á gbé ìka sókè, wọ́n á wo bó ṣe ń kán.

Aṣọ òwú funfun ni, yáàdì méjì ààbọ̀ lọ́nà méjì, tí wọ́n á rán pọ̀ di ìró kan. Kò sí rúlà, kò sí pẹ́ńsùlù. Wọ́n á ṣẹ́ aṣọ po, wọ́n á fi èékánná tẹ ojú ìṣẹ́po. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ padà sórí tábìlì, ìlà tó ti tẹ̀ sára aṣọ ti pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin. Yàrá ni àwa ọmọdé ń pè wọ́n. A máa ń du yàrá láàárín ara wa: èyí tèmi ni, èyí tìẹ ni, ta ló máa gbé pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọ́?

Lẹ́yìn náà ni ìyẹ́. Ìyẹ́ apá adìẹ fún ìlà gígùn, igi ìgbálẹ̀ fún àmì tó-tò-tó. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìlà méjì-méjì ya ògiri àwọn yàrá, kí wọ́n tó wọlé lọ. Wọ́n máa ń dánu dúró bí wọ́n bá ń fa ìlà gígùn. Bí ẹni tó ń kọjá bá kí wọn, wọn kò ní dáhùn títí ìlà á fi dé òpin, wọ́n á wá mí, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìrìn o."

Ohun tí mo fẹ́ kí ìwé mi sọ wà níhìn-ín, mo sì fẹ́ sọ ọ́ dáadáa. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò ni aró kò ní lè jẹ. Ohun tí Ìyá Aláró bá yà ni wọ́n ń dáàbò bò, èyí tí wọn kò bá fọwọ́ kàn ni aró máa gbé lọ. Wọ́n ń ya ẹyẹ kí aró má baà rí i mú. Ọmọdé tó bá ń fi ẹ̀ẹ́dú yàwòrán sára ògiri rò pé àwòrán ni ibi tó dúdú. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀ rí, nítorí ẹni tí mo kọ́kọ́ rí tó ń yàwòrán láyé mi, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń yà. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ ya òru sínú ìwé, ibi tí òru kò gbọ́dọ̀ dé ni mo kọ́kọ́ ń wá: ojú ọmọ tó ń sùn, etí ìbòrí, ìdí àtùpà. Ìyókù, mo lè kùn ún láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìmọ́lẹ̀ náà kì í sì í funfun tán. Ojú kan aṣọ ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí, aró á sì máa rọra gba ẹ̀yìn wọlé, nítorí náà ohun tí wọ́n yà máa ń jáde pẹ̀lú búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ lára, bí ojú ọ̀run ṣe máa ń rí kí oòrùn tó yọ. Ẹ̀yìn aṣọ á dúdú kirikiri. Ẹni tó bá mọ ẹlẹ́kọ gidi, ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ ṣí wò.

Aró fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Wọ́n á gún ewé ẹ̀lú lódó, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a. Wọ́n á da eérú sínú ìkòkò tí wọ́n dá lu nídìí, wọ́n á bu omi lé e, omi eérú á máa kán sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Ìṣù ẹ̀lú á wọ inú omi yẹn, á wà níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan títí á fi máa hó láìsí iná, òórùn rẹ̀ á sì gba àdúgbò. Àwọn àgbà ní Ìyá Màpó ló ni iṣẹ́ aró, òun náà ló ni ìkòkò mímọ àti àwọn iṣẹ́ obìnrin mìíràn. Ìyá Aláró, tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jà nítòsí ìkòkò.

Àwa ọmọdé kì í fẹ́ pàdánù ìgbà tí aṣọ bá jáde. Bó bá kọ́kọ́ yọ lórí, àwọ̀ ewé ló ní. Bí atẹ́gùn bá ti fọwọ́ kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ewé á di búlúù lójú wa kòrókòró. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún sá a, wọ́n á tún rì í, títí á fi dúdú tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ìyá Aláró á máa dá orin sí i lábẹ́ ohùn: agbe ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn, lékeléke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun.

Mo yàwòrán títí ọwọ́ fi ń dùn mí. Àwọn ọmọ ayálégbé wá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń béèrè pé ìkòkò kí nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Màpó.

Ọnà tí Ìyá Aláró mọ̀ pọ̀. Wọ́n mọ Ẹyẹ Pé, wọ́n mọ Olókun, wọ́n mọ Sún Bẹ̀bẹ̀. Wọ́n mọ Olóba, tó jáde ní 1935 nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, pé ọdún 25 lórí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n Ìbàdàndùn ni tiwọn. Ọnà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ìlú yìí ni, òpó Gbọ̀ngàn Màpó sì ni ẹni tó bá rí i máa fi dá a mọ̀: òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn.

Mo gba Ìdí Arẹ̀rẹ̀ àti Ọjà'ba gun òkè lọ. Mo ti yan ibi tí màá jókòó sí láti ilé, lórí àtẹ̀gùn, kí n lè máa wo àwọn òpó náà láti ìsàlẹ̀. Wọ́n tóbi. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn yìí, Robert Jones, ẹnjiníà Òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Taffy, ló kọ́ ọ. Ọmọ ọwọ́ ni Ìyá Aláró nígbà náà. Bí wọ́n ṣe máa ń ka ọjọ́ orí ara wọn nìyẹn: "Màpó ṣe ẹ̀gbọ́n mi díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ìyá tiwọn, tó ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà, pọ̀n wọ́n gun òkè yìí lójoojúmọ́ láti lọ tajà fún àwọn tó ń ru òkúta.

Ìdí nìyẹn tí ṣíbí fi wà láàárín òpó, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Aláró ṣe sọ ọ́ fún wa. Àwọn obìnrin mìíràn tó ń ya Ìbàdàndùn lè ní àlàyé tiwọn, ọnà náà kì í ṣe ti ilé kan. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, òpó ni ilé, ṣíbí ni àwọn tó bọ́ ẹni tó kọ́ ilé. Wọ́n sì máa ń ya ṣíbí kó ga tó òpó gẹ́lẹ́. Mo rántí pé mo bi wọ́n léèrè nígbà kan pé ṣé ṣíbí máa ń ga tó ilé ni. Wọ́n ní, "Lọ́jọ́ tébi ń pa ọ́, wò ó dáadáa."

Mo ya òpó kan títí tí oòrùn fi yí kúrò lójú rẹ̀. Òkúta máa ń tan ojú jẹ. Bó o bá wò ó lókèèrè, o rò pé ó tẹ́jú. Bó o bá sún mọ́ ọn, o rí ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, o rí èérí òjò tó ti ń ṣàn bọ̀ láti ọdún wọ̀nyẹn. Ti Ìyá Aláró kò ní èyíkéyìí nínú ìyẹn. Ìlà márùn-ún péré, nígbà mìíràn mẹ́rin, o sì mọ̀ pé Màpó ni. Mo gbìyànjú láti fi ìlà márùn-ún yà á. Ó jọ òpó, kò jọ Màpó. Mo ń mọ ibi tó wà, mi ò tíì dé ibẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán mo lọ sí Òkè Àrẹ, mo gun Láyípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, nítorí pé bó o bá dókè ńṣe ni òrùlé ìpẹtà lọ bí ojú ti lè rí i. Ilé Kòkó yọrí láàárín wọn. Ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, gbogbo ìlú ló sì fi ń yangàn. Àwa ọmọ ilé bẹ Ìyá Aláró títí pé kí wọ́n fi sínú aṣọ. Wọ́n wò ó lọ́jọ́ kan láti Dùgbẹ̀, wọ́n mi orí. "Ilé tí kò ní òpó lójú, ibo lẹ fẹ́ kí n fi ṣíbí sí?"

Ọjọ́ Àìkú

Òjò láti òwúrọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn rẹ̀ ìrẹsì pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá. Olúkúlùkù ló ní ìtàn kan nípa Ìyá Aláró tí ẹnìkejì kò gbọ́ rí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan, tó jẹ́ mẹkáníìkì ní Mọ́lété báyìí, sọ pé láti ara wọn ni òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí nǹkan: wọ́n máa ń fi etí lé ẹnu ìkòkò aró láti mọ̀ bóyá ó ti jinná. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kíá.

Kò sí aṣọ wọn kankan nílé. Mo béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ọjọ́ Ajé

Mo lọ sí Òjé, ọ̀dọ̀ àbúrò Ìyá Aláró. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún mẹ́rìndínlógún ni ọjà ńlá aṣọ òkè ń pé níbẹ̀. Òní kọ́ ni, nítorí náà ọ̀nà rọ̀. Àwọn ọlọ́ṣẹ dúdú wà níjókòó.

Ìyá Òjé ti dàgbà gan-an, ojú kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ kí wọn lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ti ní, "Àjíkẹ́! Ohùn ẹ̀gbọ́n mi lo gbé wá yìí." Wọ́n ki mí. Wọ́n ki mí títí, wọ́n dé orí Ìbàdàn ọmọ a-jẹ-ìgbín-yó, fi ìkarahun fọ́rí mu, wọn kò jẹ́ kí n dìde. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá bi mí pé kí ni mo wá ṣe.

Mo ní mò ń wá aṣọ Ìyá Aláró. Mo ní kò sí ọ̀kan nílé.

Wọ́n ní báwo ni yóò ṣe wà nílé? Ṣé mi ò mọ ohun tí Ògùnpa ṣe ni? Mo mọ Omíyalé Ògùnpa bí gbogbo ọmọ Ìbàdàn ṣe mọ̀ ọ́n, 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ẹ̀mí tó lọ, ilé tó wó. N kò mọ̀ pé ó kan aṣọ wa. Ìyá Òjé ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ nítòsí odò nígbà yẹn. Ẹrù Ìyá Aláró tí wọ́n ti rẹ parí, tí wọ́n ti gún tó ń dán, tí wọ́n fẹ́ kó fún oníbàárà kan láti òkè Ọya, ibẹ̀ ló wà. Ọjọ́ Àìkú ni òjò yẹn bọ́ sí. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, kò sẹ́ni tó lè débẹ̀. Nígbà tí omi fà, ilẹ̀kùn wà, àgádágodo wà, ògiri ẹ̀yìn ni kò sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún," Ìyá Òjé sọ. "Wọ́n ní omi ló bí aró, omi ti gba tirẹ̀. Àmọ́ wọn ò tọ́jú aṣọ kankan sílé mọ́ látọjọ́ náà. Bí wọ́n bá ti ṣe é, wọ́n á tà á."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn gbé àpótí wá. Nísàlẹ̀ pátápátá, nínú ìrọ̀rí tí wọ́n tú, ni ó wà. Ìbàdàndùn. Ẹ̀bùn ìgbéyàwó tí Ìyá Aláró ṣe fún àbúrò wọn.

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ èyí. Mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo kúnlẹ̀ tì í. Ó ti ṣá díẹ̀ ní ojú ìká, ìyókù jinlẹ̀. Mo lè ka ọwọ́ wọn. Ìlà máa ń sanra níbi tí ìyẹ́ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹ̀kọ, á máa tín-ín-rín lọ, á tún sanra lójijì níbi tí wọ́n ti tún un rì. Mo fi ìka tọ̀ ọ́: níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, níbí ni wọ́n ti mí, níbí ni ẹnì kan ti kí wọn. Òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí. Ọ̀pọ̀lọ́. Pẹ́pẹ́yẹ méjì tó kọjú síra wọn. Ewé ẹ̀gẹ́.

Nínú yàrá kan nítòsí igun, kò sí ẹyẹ, kò sí ewé. Lẹ́tà ló wà níbẹ̀. A B D, A B D, wọ́n tò yíká bí ìlẹ̀kẹ̀, D kọ ẹ̀yìn síbi tó yẹ kó kọjú sí.

Ìyá Aláró kò lọ sí ilé-ìwé rí. Ìyá Òjé ní ọdún tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni àwọn ṣègbéyàwó, ìyẹn 1955, ọdún yẹn náà ni bàbá mi wọ kíláàsì kìíní. Ní alaalẹ́, Ìyá Aláró á ní kí bàbá mi ka ohun tó wà lára sílétì rẹ̀ sókè, wọ́n á máa wò ó. "Wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tó ń wí, àmọ́ ó lẹ́wà. Ohun tó bá lẹ́wà, ó yẹ kó wọ aṣọ."

Mo pe bàbá mi lórí fóònù níbẹ̀. Mo ṣàlàyé yàrá náà fún wọn. Wọ́n pariwo: "Áà! Wọ́n gbé sílétì mi pamọ́ lọ́jọ́ kan! Wọ́n ní àwọn ò rí i! Tísà nà mí!" Ìyá Òjé gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di àyà mú. Wọ́n gba fóònù, àwọn méjèèjì ń jà lórí sílétì ọdún 1955, èmi sì ń ya àwòrán yàrá yẹn lọ.

Bí mo ṣe ń kó bébà mi, Ìyá Òjé ká aṣọ náà fúnra wọn, wọ́n fọwọ́ wá etí rẹ̀ kó lè dọ́gba. Wọ́n ní kí n má ronú pé kí n gbé e lọ o. Òun ni wọ́n máa fi sin àwọn. Wọ́n ti sọ fún gbogbo ọmọ wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ti ya gbogbo yàrá rẹ̀, mo ya fọ́tò ojú àti ẹ̀yìn. Mo rò ó lójú ọ̀nà bí mo ṣe ń padà, mo sì gbà pé ibi tó tọ́ sí ni ó ń lọ. Èmi tó fẹ́ kí iṣẹ́ náà wà láyé, ọwọ́ mi ló kù kí n fi sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ìyàwó àbúrò mi kan nínú agbo ilé ń ṣe kàmpálà. Àbẹ́là ló ń yọ́ tó ń tẹ̀ sára aṣọ, aró ìgbàlódé sì ni tirẹ̀, alágolo, tí wọ́n ń fi kọ́sítíìkì sódà àti hydrosulphite pò. Ó máa ń jáde láàárín wákàtí kan, àwọ̀ tó bá wù ẹ́. Àwọn kan máa ń fojú tín-ín-rín iṣẹ́ yìí, pé kì í ṣe àdìrẹ gidi. Mi ò sí lára wọn. Mo rí bó ṣe ń fi ọwọ́ tó wọ rọ́bà gbé aṣọ gbígbóná, mo rí owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta tó ń tibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n àbẹ́là máa ń mu wọnú aṣọ tojú tẹ̀yìn. Ibi tó bò, funfun báláú ni. Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń gba ẹ̀yìn wọlé yẹn kò lè sí níbẹ̀, ojú mi sì ń wá a.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká jọ se ẹ̀kọ. Kò ṣe é rí. A kù láfún, a rò ó. Bàbá Kékeré jáde, wọ́n wo inú ìkòkò, wọ́n ní kó ki ju báyìí lọ. Wọ́n tún padà wá, wọ́n ní ó ti pọ̀jù. A wá ìyẹ́ lọ́dọ̀ aládìẹ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti kálámù ṣiṣẹ́ látìgbà tí mo ti ń gba owó lórí àwòrán, ṣùgbọ́n ìyẹ́ ní ìwà tirẹ̀. Ó máa ń tẹ̀ kó tó gbọ́ràn. O ò lè tì í, fífà ni. Mo ṣẹ́ aṣọ po, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, mo ya ògiri àwọn yàrá. Mo dánu dúró láìmọ̀.

Ìyàwó àbúrò mi gba ìyẹ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ láti igun tó kọjú sí tèmi. Mi ò sọ ohun tó máa yà fún un. Jẹnẹrétọ̀ ló yà, kékeré, pẹ̀lú wáyà. Ó ní òun ló ń bọ́ òun lásìkò yìí, bí kò bá sí i, aṣọ kò ní gbóná. Mo wò ó, mo ní yóò dúró síbẹ̀, kó ya ṣíbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn sí yàrá yẹn ju gbogbo èyí tí èmi fúnra mi yà lọ.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ mo lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní Ọjà'ba, mo sì rí ìṣù ẹ̀lú rà. Wọ́n bi mí bóyá fún àgbo ni. Mo ní fún aṣọ. Ìyá tó ń tà á wò mí, ó fi ọ̀kan lé e.

Ọjọ́rú

Mo dé Òjé láàárọ̀ láti fi ẹ̀kọ tí a yà han Ìyá Òjé kí n tó wọ ọkọ̀. Wọn kò lè rí i dáadáa, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú ẹ̀kọ tó ti gbẹ, yàrá kan sí èkejì. Wọ́n dá ọwọ́ dúró sórí òpó mi, wọ́n ní ìlà yìí ti pọ̀jù, kí n yọ ọ̀kan. Wọ́n dé orí jẹnẹrétọ̀, wọ́n ní, "Kí nìyí?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ó dáa, kó máa wà.

Aró gidi kò ṣeé dá báyìí, òjò pọ̀, eérú kò ní gbẹ. Bàbá Kékeré ti gbà kí wọ́n gbé ìkòkò tó dojú dé padà sídìí, kí a sì fi páànù bo ibẹ̀ lórí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọmọ bá gba ìsinmi, èmi àti ìyàwó àbúrò mi máa da eérú sí i. Ìyá Òjé ní àwọn máa wá jókòó tì wá, kí a wá fi ọkọ̀ gbé àwọn, nítorí àwọn mọ iye ọjọ́ tó máa ń lò, àwọn á sì gbọ́ ọ bó bá ń hó. Wọ́n ní kí n mú aṣọ funfun yáàdì márùn-ún bọ̀ láti Èkó, òwú gidi, kí n má jẹ́ kí wọ́n ta pọ́líẹ́sítà fún mi, nítorí ẹ̀lú kò ní mú un.